Báàgì Oògùn Lórí Tábìlì Dókítà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, kì í lọ sí ọsibítù láìgbé báàgì ọ̀rá dúdú kan dání. Oògùn ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé wọn lọ sí kíníìkì àwọn alárùn ọkàn, dókítà tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan, ní kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì náà sórí tábìlì. Lisinopril jáde, furosemide jáde, oògùn àtọ̀gbẹ jáde, diclofenac jáde. Ìgò àgbo kan náà yọjú, Màmá sì fẹ́ yára fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Dókítà náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń to àwọn oògùn náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ọmọ ayò. Nígbà tó tò wọ́n tán, ó fọwọ́ kan diclofenac, ó ní, "Màmá, ta ló kọ èyí fún yín?"

Dókítà eegun ni, nítorí orúnkún tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Dókítà ọkàn ló kọ méjì àkọ́kọ́, dókítà àtọ̀gbẹ kọ ìkẹta, àgbo sì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan lọ́jà. Bí a bá mú iṣẹ́ dókítà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sí èyí tó ṣi iṣẹ́ ṣe nínú wọn. Olúkúlùkù wo ibi tí wọ́n rán an sí, ó sì kọ oògùn tó bá ibẹ̀ mu. Síbẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà níwájú dókítà ọ̀dọ́ yìí fi hàn pé kíndìnrín Màmá ti ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹsẹ̀ wọn tó ti ń fọn tẹ́lẹ̀ sì ti tún wú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn oníṣègùn tí mo mọ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu. Mo ti rò pé inú yàrá dókítà ọkàn ni ìpinnu tó le jù wà. Nísinsìnyí mo gbà pé oríta ló wà, níbi tí aláìsàn ti ń kúrò lọ́wọ́ dókítà kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, tí ẹni tó ń fà á lé lọ́wọ́ àti ẹni tó ń gbà á kò sì rí ara wọn sójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ kíndìnrín Màmá, torí ó yé mi ju ìyókù lọ. Asẹ́ tíntìntín ló kún inú kíndìnrín, wọn kò lóǹkà. Ẹ̀jẹ̀ ń gba òpó kan wọ inú asẹ́, ó sì ń gba òpó mìíràn jáde. Àfi kí ẹ̀jẹ̀ wọlé pẹ̀lú agbára tó tó kí asẹ́ tó lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Diclofenac a máa fún ẹnu ọ̀nà àbáwọlé pọ̀. Lisinopril a máa ṣí ẹnu ọ̀nà àbájáde sílẹ̀. Furosemide, tí àwọn èèyàn ń pè ní oògùn ìtọ̀, a máa fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà á sì dín kù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, kíndìnrín a máa wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú rẹ̀ a há ní àbáwọlé, a là gbayawu ní àbájáde, omi kò sì tó. Agbára tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ á tán. Kò tán síbẹ̀ o: diclofenac tún máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú, omi kan náà tí furosemide ń lé jáde. Oògùn kan ń fà, èkejì ń tì, ẹsẹ̀ Màmá ni wọ́n ti ń ja ìjà náà. Ìdí nìyí tí ìlànà ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, fi kìlọ̀ pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ yẹra fún irú oògùn ìrora yìí. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ kẹ́mísìtì ló ń tà á fún ẹni tó bá ti lówó rẹ̀ lọ́wọ́, láìbéèrè ìwé dókítà.

Kí dókítà tó kọ oògùn kankan, ó ti ṣe ìpinnu kan tí aláìsàn kì í rí. Ó ti pinnu ohun tó kọ́kọ́ fura sí. Ká ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta kan wọlé, kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru torí èémí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ń wúkọ́. Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn, tí ọ̀rá ti dí, ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn dókítà. Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ńkọ́? Ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, wọ́n kọ orúkọ aláìsàn 452 tí àárẹ̀ ọkàn gbé wá sílẹ̀, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kan tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n, bí a bá pín ọjọ́ orí gbogbo wọn dọ́gba. Òpó ọkàn dídí kò fa tó mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni àárẹ̀ ọkàn sábà ń gbé dé ọsibítù. Tiwa ń ṣubú nígbà tí ọmọ ṣì wà ní yunifásítì tó ń retí owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé wọ̀n, ó ṣeé tọ́jú, oògùn rẹ̀ sì wà lórí igbá.

Ṣùgbọ́n dókítà ọkàn kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ẹni tí èémí ń ká mọ́ yìí. Dókítà tó ń rí gbogbo ènìyàn ni, tàbí nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀, ikọ́ lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ikọ́ fée. Omi tó bá kún inú ẹ̀dọ̀fóró láti inú ọkàn tó ti rẹ̀ a máa mú kí àyà dún fín-ín fín-ín, gẹ́lẹ́ bíi ti oníkọ́ fée, wọn a sì fún aláìsàn ní oògùn tí ń la ọ̀nà èémí. Ara a fúyẹ́ díẹ̀, ó di ilé. Lóru ọjọ́ kejì ó tún dé. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ìbéèrè méjì-mẹ́ta lọ: ìrọ̀rí mélòó ni ẹ fi ń sùn? Ṣé èémí máa ń jí yín lóru? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́yìn? Dókítà tó bá ní aláìsàn ọgọ́ta lórí ìlà láàárọ̀ lè má ráyè bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè nípa ìrọ̀rí.

Nígbà míì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pinnu gan-an, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti rọ ọ́. Ní 1948, àwọn oníwádìí bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn ará ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti mọ ẹni tí àìsàn ọkàn máa ń mú àti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ibẹ̀ la ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìṣirò tí dókítà fi lè sọ fún ènìyàn pé ewu rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá tó báyìí. Òyìnbó aláwọ̀ funfun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àfi kí ẹni tó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ará Ìbàdàn tún un wọ̀n. Àwọn tiwa náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, ti tẹ odindi ìwé jáde ní 1972 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà. Ní 2019, Dike Ojji ti Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní CREOLE: aláwọ̀ dúdú 728, orílẹ̀-èdè mẹ́fà, oògùn méjì-méjì tí wọ́n so pọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà méjì tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ jù. Kí èyí tó dé, láti inú ìwádìí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ ni dókítà wa ti ń fọgbọ́n yan èyí tó yẹ kó fún wa.

Mo tún fẹ́ mú yín dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìmọ̀ràn tó bọ́gbọ́n mu pátápátá lè pa ènìyàn.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ènìyàn, ara a máa gbọ̀n, ọkàn a máa sáré. Ẹni tí òpó ọkàn rẹ̀ ti há lè tibẹ̀ ní ìkọlù ọkàn. Àwọn dókítà wá rò ó pé bí a bá fún un ní oògùn tí ń rọ ìsáré ọkàn sílẹ̀ kí a tó gbé e wọlé, ọkàn á sinmi, ewu á dín kù. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò ní kò dáa? Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí POISE jáde ní 2008. Aláìsàn 8,351 ni, ní orílẹ̀-èdè 23. Ìdajì wọn gba metoprolol ní wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìdajì yòókù gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìkọlù ọkàn dín kù lóòótọ́, bí ènìyàn 15 nínú 1,000 ló yè é. Àmọ́ nínú 1,000 kan náà, bí ènìyàn mẹ́jọ kú ju iye tó kú ní apá kejì lọ, rọpárọsẹ̀ sì mú bí márùn-ún lé sí i. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ abẹ. Bí ènìyàn bá gbé ojú lé ọkàn nìkan, oògùn yẹn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nígbà tí wọ́n ka òkú ni wọ́n tó rí iye tí wọ́n san. Nísinsìnyí, ẹni tó ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ènìyàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Dókítà tí ń kunni lóorun ló sábà máa ń ru ẹrù ìpinnu yìí. Aláìsàn ti tajà, ó ti yáwó, mọ̀lẹ́bí ti wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbààwẹ̀ láti òru. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láàárọ̀, ó lọ sókè. Ṣé kí wọ́n dá a padà sílé ni? Ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń kunni lóorun àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru jókòó pọ̀ ní 2016, wọ́n sì gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí mo fẹ́ràn, nítorí wọ́n ro ti aláìsàn. Bí dókítà àdúgbò bá ní àkọsílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru onítọ̀hún kò tó 160/100 láàárín ọdún kan sẹ́yìn, kí iṣẹ́ máa lọ. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, tí èyí tí wọ́n wọ̀n ní kíníìkì kò sì tó 180/110, kí iṣẹ́ máa lọ náà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù a máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè lọ́sibítù, pé dídá ènìyàn padà náà ní ìpalára tirẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé kókó inú ara ni wọ́n fẹ́ yọ. Ohun tí ìlànà náà dúró lé ni ìwé àkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn. Báàgì ọ̀rá Màmá kò ní irú rẹ̀.

Ti dókítà eyín kò gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ la òpó ọkàn rẹ̀ máa ń lo aspirin àti clopidogrel kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin náà lára. Ó fẹ́ yọ eyín, ẹnì kan sì ní kó dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín ṣeé fi òwú tẹ̀ títí yóò fi dá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú irin ọkàn, kò sí òwú tó dé ibẹ̀.

Ti aláboyún ló le jù lójú mi. Ẹsẹ̀ aláboyún a máa wú, èémí a máa ká a mọ́, gbogbo ìyá ọkọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, dókítà aláboyún náà mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni àárẹ̀ ọkàn kan fi ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ó máa ń yọjú ní oṣù tó gbẹ̀yìn oyún tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbí, lára obìnrin tí ọkàn rẹ̀ kò ṣàìsàn rí. Àríwá Nàìjíríà wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Bí ìyá ọlọ́mọ tuntun kò bá lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tí wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i dípò kó fọn, ó tó kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀ kí wọ́n tó ní àárẹ̀ ìbímọ lásán ni.

Oògùn pàápàá yí padà níbí. Lisinopril tó ń ṣe Màmá lóore lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, nítorí náà methyldopa, labetalol tàbí nifedipine ni wọ́n máa ń kọ fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bó bá bí tán, enalapril, tó jẹ́ ọmọ ìyá lisinopril, ti ṣeé lò fún un bó tilẹ̀ ń fọ́mọ lọ́mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oògùn tó jẹ́ èèwọ̀ fún un ti di èyí tó nílò, àfi kí ẹnì kan rántí kọ ọ́. Dókítà aláboyún rò pé dókítà ọkàn yóò kọ ọ́. Dókítà ọkàn kò tíì rí i, torí ọmọ ò tíì tó gbé jáde. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìbéèrè tó wúwo jù: ṣé ó lè tún lóyún? Bí agbára ọkàn kò bá tíì padà bọ̀ sípò, àwọn dókítà máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó má ṣe é. Ẹ wo obìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó bí ọmọ kan ṣoṣo nílé ọkọ. Ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ta ni yóò sì bá ọkọ rẹ̀ jókòó? Mi ò tíì rí ọsibítù tó yan ẹnì kan pàtó sídìí iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan lérò pé ìwé ìlànà ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìlànà máa ń sọ bí àmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó, wọ́n a sì fi A, B tàbí C sàmì sí bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀ sí. A ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ńlá tì lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ka àmọ̀ràn inú ìlànà ìtọ́jú ọkàn ti Amẹ́ríkà ní 2019, èyí tó gba A kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyókù dúró lé ìwádìí díẹ̀, tàbí ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kì í fẹ́ gba ẹni tí àìsàn mẹ́ta wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irú Màmá ni wọ́n ń yọ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí i tí àwọn dókítà ń ṣe ìpinnu pọ̀ bó ṣe yẹ ni ìjókòó ìgbìmọ̀ ọkàn. Nínú ìwádìí SYNTAX, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, aláìsàn 1,800 ni wọ́n pín sí méjì: àwọn kan gba irin inú òpó ọkàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn yòókù. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, dókítà ọkàn àti oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ wo àwòrán òpó rẹ̀ pọ̀, kí àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀nà méjèèjì ṣeé ṣe fún un. Àṣà yẹn wọ inú ìlànà ìtọ́jú lẹ́yìn náà. Ẹni tó mọ irin lò kò gbọ́dọ̀ dá pinnu pé irin ló kàn. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí wọ́n ti lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ tí mo rí lọ́jọ́ Màmá kò ju dókítà ọ̀dọ́ kan tó mú fóònù tirẹ̀, tó fi káàdì tirẹ̀ pe dókítà eegun ní ọsibítù mìíràn.

Ìjíròrò náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n dá diclofenac dúró. Paracetamol rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú òróró ìrora tí wọ́n ń fi ra orúnkún, àti eré ìdárayá ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n dín furosemide kù fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò kíndìnrín ṣe. Dókítà náà kọ gbogbo oògùn Màmá sórí ìwé kan ṣoṣo, ó kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀ ní Yorùbá. Kódà ó kọ àgbo náà sí i, ó ní kí Màmá bá òun béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Kò bú wọn.

Nígbà tí a padà lọ, kíndìnrín ti ń sàn, ẹsẹ̀ ti fọn. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dókítà ọmọ mi, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti gba oògùn orúnkún lọ́wọ́ mi, mi ò lè gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ níbẹ̀. Kí ni kí n máa fi ọkàn tó dáa yìí ṣe nílé?"

Dókítà ọ̀dọ́ náà ti ń nawọ́ sí fáìlì aláìsàn tó kàn. Ó dá ọwọ́ dúró, ó ti fáìlì náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ Màmá. "Ẹ máa sọ ọ́ fún mi, Màmá," ló wí. "Àtẹ̀gùn mélòó ni?"